Wọ́n Da Oúnjẹ Olóògbé Nù, Rónkẹ́ Ní Màmá Ló Gbàgbé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn ìwà kan wà tó jẹ́ pé téèyàn bá gbọ́ ọ, ṣe ni á rí i lára. Ohun tí Rónkẹ́ ṣe yìí wà lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n kọ ọ́ síta, torí ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó má retí pé màá bá a fi oyin sí i.

Calgary ni wọ́n ń gbé, òun àti ọkọ rẹ̀ Akínbámi, pẹ̀lú Démiládé ọmọ wọn obìnrin. Ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ inú ilé gogoro downtown ń lé èèyàn lójoojúmọ́. Engineer ni Akínbámi. Lọ́jọ́ tó kàn án, ó kó ẹrù orí tábìlì rẹ̀ sínú páálí kan, ó gbé e wọ train, ó sì wálé.

Látìgbà náà, inú basement ló ń jókòó sí, tó ń fi laptop wáṣẹ́. Kò fá irùngbọ̀n mọ́. Bí Démiládé bá ní, "Daddy, come and play," á ní, "Not now."

Rónkẹ́ ló wá ń gbé bùkátà ilé. Nọ́ọ̀sì ni ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò tíì yege ìdánwò tiwọn níbí, ló bá gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé àṣà àwọn ará Korea tó wà ládùúgbò. Korean Centre ni gbogbo wa ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn lédè láàárọ̀ Saturday, ibẹ̀ ni àwọn àgbà wọn ti ń ta ayò olókùúta, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fi ata àti ááyù pa cabbage lára sínú ìkòkò kí òtútù tó dé. Ìjọ Rónkẹ́ ń yá gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Sunday.

Níbẹ̀ ló ti pàdé Màmá Seo.

Opó ni màmá yìí. Ó ń dá gbé nínú apartment kékeré kan ní àdúgbò Beltline, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá sí Centre, ìbáà jẹ́ inú snow. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Rónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ẹnu yà á. Ó ké sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wò ó. Ó ní bí àwọn náà ṣe ń kí àgbà nígbà ọdún nìyẹn, pé wọ́n ń forí kanlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Canada ti ń gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, "ọmọ mi" ló ń pe Rónkẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì màmá kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Daycare ti kọjá agbára Rónkẹ́, màmá yìí ló sì ń bá a mú Démiládé dání bó bá ń nu ilẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ náà kò mọ orúkọ rẹ̀ mìíràn ju "Halmoni" lọ, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà lédè wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé yín yékéyéké, torí ibẹ̀ ni ìwà ìríra náà wà: Rónkẹ́ mọ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀.

Ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, màmá ti pè é jókòó. Ó ní Saturday tó ń bọ̀ ni àyájọ́ ikú ọkọ òun. Lọ́dọọdún, òun máa ń tẹ́ tábìlì fún un, òun á gbé fọ́tò rẹ̀ sí i, òun àti Sang-ho ọmọ òun á tẹríba, àwọn á sì jókòó jẹun. Nílé òun ní Beltline, èéfín tùràrí máa ń jẹ́ kí alarm ké, làwọn àgbà Centre bá yọ̀ǹda yàrá òkè fún òun. Ọkọ òun sáà wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kan ilẹ̀kùn ilé náà.

"Kì í ṣe òrìṣà o," ni màmá wí, tó ń wo ojú Rónkẹ́. Ó mọ irú ìjọ tí Rónkẹ́ ń lọ. "Ọkọ mi ni. Mo kàn ń bu oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó fẹ́ràn pear gan-an."

"Ó yé mi, Màmá," ni Rónkẹ́ dáhùn. Òun ló tiẹ̀ bá a fọ àwọn abọ́ idẹ tó fẹ́ fi bu oúnjẹ náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Pastor Adéògún dá Rónkẹ́ dúró lẹ́yìn Bible study.

"Sister Rónkẹ́, kọ́kọ́rọ́ Centre wà lọ́wọ́ rẹ, àbí?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sir."

"Ẹ̀mí ń darí wa sí àdúrà ìrọ̀lẹ́ Saturday. Àwa díẹ̀ ni. Ìwọ sáà ṣí ilẹ̀kùn fún wa."

"Sir, Sunday nìkan ni wọ́n yá wa. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ mìíràn."

Pastor rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa sọ fún wọn?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Báwo ni Brother Akínbámi? Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ manager nílé iṣẹ́ pipeline. Ẹni tí mo bá fà lé e lọ́wọ́, kì í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá ń ran iṣẹ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ ni orúkọ wọn ń wá sí mi lẹ́nu."

Àbí ẹ gbọ́ nǹkan! Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń fi iṣẹ́ oṣù dọdẹ kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Rónkẹ́ rántí ọkọ rẹ̀ nínú basement. Ó rántí tábìlì màmá náà, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn sọ fún ara rẹ̀ pé ìsàlẹ̀ làwọn máa wà, pé kò sẹ́ni tó máa gòkè. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, sir."

Nígbà tí Saturday pé, màmá dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹrù. Ó to ìrẹsì àti ọbẹ̀, ó gbé ẹja odindi sí i, ó to èso, ó gé orí àti ìdí pear bí àṣà wọn ṣe rí, ó rọ ọtí sínú ife kékeré. Ó gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ sí òkè tábìlì. Ó tan tùràrí. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ lọ wẹ̀ kí òun wọ aṣọ funfun òun, pé òun àti Sang-ho á jọ padà wá.

"Ọmọ mi, bá mi ṣọ́ ọ," ló wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá."

Kò pẹ́ tó jáde ni Pastor dé pẹ̀lú àwọn alágbàdúrà mẹ́ta. Wọn ò tíì kọ orin kan tán tí Pastor fi gbé imú sókè.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Kò dúró gbèsì. Ó ti ń gun àtẹ̀gùn. Rónkẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sọ pé kó dúró.

Pastor ṣílẹ̀kùn, ó rí tábìlì, ó fò sẹ́yìn. "Blood of Jesus! Ẹbọ! Nínú ilé tí a ti ń sin Ọlọ́run!" Ó yíjú sí Rónkẹ́. "Sister Rónkẹ́, ṣé o mọ nǹkan kan nípa èyí?"

Ìbéèrè rèé. Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi gba màmá sílẹ̀: "Ti ìyá tó ń bá mi mú ọmọ ni, sir, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbé oúnjẹ fún." Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó mọ̀ nípa ẹbọ kò wí. Manager á lọ, iṣẹ́ á lọ.

"Mi ò mọ nǹkan kan, sir," ló wí. "Bóyá àwọn àjèjì kan ló yá yàrá náà."

"Lọ mú àpò ìdọ̀tí wá."

Ó lọ mú un wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ya ẹnu àpò náà tí wọ́n ń da nǹkan sí i. Ìrẹsì wọlé, ọbẹ̀ gbígbóná tẹ̀ lé e, ẹja fò lulẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a kí wọ́n tó ṣà á. Pastor fi ìka méjì mú fọ́tò bí ẹni tó mú òkú eku, ó jù ú lé ọbẹ̀ lórí. Wọ́n ń sọ èdè àjèjì, wọ́n ń da òróró sórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Pastor ní kí wọ́n tètè máa lọ. Ẹni tí Ẹ̀mí ń darí, kí ló ń sá fún?

Rónkẹ́ gbé àpò náà lọ sínú ike ìdọ̀tí ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Ó padà wá kó àwọn abọ́ kúrò, ó nu tábìlì àti ilẹ̀.

Màmá àti Sang-ho wọlé. Aṣọ funfun màmá mọ́ tónítóní. Ó gòkè, Rónkẹ́ sì gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi," ni màmá pè é. "Oúnjẹ dà?"

Rónkẹ́ gòkè. "Oúnjẹ wo, Màmá?"

"Oúnjẹ tí mo gbé síbí. Mo ní kí o ṣọ́ ọ."

"Màmá, mi ò rí oúnjẹ kankan. Ẹ wá nu tábìlì, ẹ sì lọ. Mo rò pé ẹ ti sún un síwájú."

Sang-ho wo ìyá rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, Chestermere, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Calgary, ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí Centre. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá bá àwọn gbé, tí ìyá ń ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ó fa Rónkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ lo ń rí i lójoojúmọ́," ló wí. "Jọ̀ọ́, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ó ti ń gbàgbé nǹkan?"

Rónkẹ́ mọ̀ pé bí òun bá ní rárá, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir," ló fèsì. "Mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, ó fi iná sílẹ̀ lórí stove kitchen ìsàlẹ̀, èmi ni mo pa á. Nígbà mìíràn ó máa ń pe ọmọ mi lórúkọ ẹlòmíràn."

Irọ́ funfun báláú! Màmá tó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ èdè níbẹ̀. Nígbà tí Rónkẹ́ ń sọ ibí yìí fún mi, ńṣe ni mo dìde níwájú rẹ̀, mo lọ dúró lẹ́nu wíńdò.

Sang-ho jáde lọ wo àyíká ilé bóyá ó máa rí nǹkan. Ó ṣí ike ìdọ̀tí, òórùn ẹja sì lù ú. Nígbà tó padà wọlé, fọ́tò bàbá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọbẹ̀ ń ro tótó lára rẹ̀.

"Omma," ló pe ìyá rẹ̀. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Inú ìdọ̀tí ni ẹ kó bàbá sí."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gba fọ́tò náà. Ó ń fi apá aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú ọkọ rẹ̀. Ó nù ú títí. Ó wá gbójú sókè, kì í ṣe sí ọmọ rẹ̀, sí Rónkẹ́ ni.

"Ṣé èmi ni?" ló bi í. "Ọmọ mi, ìwọ wà níbí. Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Ẹ má dààmú ara yín, Màmá," ni Rónkẹ́ wí. "Ọjọ́ orí ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Mo bi í pé ẹnu wo ló fi sọ ọ́. 

Kí oṣù yẹn tó parí, Sang-ho ti kó ìyá rẹ̀ lọ sí Chestermere. Ó gba kọ́kọ́rọ́ apartment lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ iná mọ́, wọn ò sì jẹ́ kó dá jáde. Ìyá tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú snow láìbẹ̀rù wá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ bí ìkókó.

"Mummy, where is Halmoni?" ni Démiládé máa ń béèrè.

"She's resting."

Akínbámi ríṣẹ́. Ẹni tí Pastor mọ̀ nílé iṣẹ́ pipeline gbà á lóòótọ́. Ó fá irùngbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bí Pastor ṣe rántí òun, Rónkẹ́ sọ ìdajì rẹ̀ fún un: pé àwọn àjèjì kan wá tẹ́ tábìlì ẹbọ sí Centre, pé òun àti Pastor kó o dànù. Akínbámi gbà á gbọ́. Ó ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn.

Rónkẹ́ ní oúnjẹ tí wọ́n ń fi owó iṣẹ́ náà rà, òórùn ẹja ló máa ń gbọ́ nínú rẹ̀. Mo ní, ó dára bẹ́ẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Rónkẹ́ kò tiẹ̀ rìn jìnnà.

Ìjọ ṣe ìdúpẹ́ ọdọọdún wọn. Pastor fẹ́ kí Centre fi gbọ̀ngàn náà fún wọn ní gbogbo Sunday látàárọ̀, ló bá pe ìgbìmọ̀ àwọn ará Korea pé kí wọ́n wá bá wọn jẹun. Wọ́n wá. Wọ́n fi wọ́n sí ìjókòó iwájú, Sang-ho sì wà láàárín wọn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Ó kan àkókò ìjẹ́rìí. Akínbámi dìde, ó wọ kóòtù, ó gba máìkì.

"Praise the Lord!"

"Hallelujah!"

"Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, káwọn àlejò wa lè gbọ́."

Rónkẹ́ ò tíì fura. Ó rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni.

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa láti Korea," ni Akínbámi wí, "ẹ̀yin náà gbọdọ̀ bá mi dúpẹ́ ni. Ẹ ò mọ̀ pé àwọn àjèjì kan wọnú ilé yín yìí lọ́jọ́ Saturday kan, wọ́n tẹ́ tábìlì ẹbọ sí yàrá òkè. Ìrẹsì, ẹja, èso, ọtí, àti fọ́tò òkú ọkùnrin kan! Ọlọ́run lo Pastor wa àti ìyàwó mi. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló ya àpò ìdọ̀tí tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí!"

Pastor ti ń fọwọ́ ṣe àmì fún un pé ó tó. Akínbámi rò pé ó ń yìn ín ni.

"Wọ́n bá yín fi òróró sọ ilé yín di mímọ́, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pè mí síṣẹ́. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run lógo!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Ìlà iwájú nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Sang-ho dìde. Kò pariwo. Ó kàn wo ẹ̀yìn títí ó fi rí Rónkẹ́.

"Láti ọjọ́ náà," ló wí, "láàárọ̀ láàárọ̀ ni ìyá mi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ fọ́tò bàbá mi. Láàárọ̀ láàárọ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé ó ń gbàgbé."



Pastor sáré gba máìkì. "Sir, please, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo bi Sister Rónkẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Ìjọ ò lọ́wọ́ sí i rárá."

Ẹ wo ẹni tó fi ìka méjì mú fọ́tò! Àfi kéèyàn tutọ́.

Akínbámi sọ̀ kalẹ̀ wá bá ìyàwó rẹ̀. "Rónkẹ́. Ta ló ni oúnjẹ yẹn?"

"Ti Màmá ni."

"Màmá wo?"

"Halmoni. Màmá tó ń bá wa mú Démiládé."

Akínbámi wò ó bí ẹni tó rí ìdin nínú oúnjẹ tó ti jẹ dé ìdajì. Ó fi kóòtù rẹ̀ bo ojú, ó jáde sínú òtútù.

Ìjọ pàdánù gbọ̀ngàn, Rónkẹ́ pàdánù iṣẹ́. Ìwọ̀nyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ó rò pé òun á kàn lọ sí Chestermere, òun á sọ òtítọ́, màmá á bínú tàbí kó dárí jì í, ọ̀rọ̀ á tán. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Sang-ho ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kò kí i. Ó kàn ní, "Mo ti sọ fún un. Wọlé, kí o gbọ́ ohun tó máa sọ."

Màmá wà lórí àga lẹ́bàá wíńdò, ó ti rù. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Rónkẹ́ wólẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Màmá, èmi ni! Kì í ṣe ẹ̀yin! Èmi ni mo ya àpò tí wọ́n kó o sí. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Ẹ kò gbàgbé nǹkan kan!"

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde.

"Sang-ho náà sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ọmọ dáadáa ni ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ò fẹ́ kí n máa banú jẹ́."

"Màmá, òtítọ́ ni! Ọwọ́ mi yìí ni!"

Màmá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ó tó. Mo mọ ohun tí mo ṣe."

Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọmọ rẹ̀ ń gbọ́. Ó wá fa Rónkẹ́ mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí.

"Tó bá di àmọ́dún, bá mi bẹ Sang-ho kó jẹ́ kí n tún tẹ́ tábìlì fún bàbá rẹ̀. Mi ò ní dá wà níbẹ̀. Ìwọ ni kó fi ṣọ́ mi, kí n má baà tún kó o dànù. Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán."

Mo bi Rónkẹ́ pé kí ló wá fèsì.

Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá.